Asọ̀rọ̀mágbèsì Ilé Ìbejì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìka kò dọ́gba. Láti kékeré ni gbogbo wa ti mọ òwe yìí, a sì máa ń fi tu ara wa nínú nígbà tí ẹnì kan bá lówó ju ẹnì kejì lọ, tàbí tí ọmọ kan bá mọ ìwé ju ọmọ kejì lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá dé ọ̀dọ̀ ohun tí a fi ẹ̀rọ ṣe, a máa ń gbàgbé òwe náà. A rò pé ohun méjì tó bá ti ilé-iṣẹ́ kan náà jáde, tí wọ́n jọ ní orúkọ kan náà lójú, kò lè yàtọ̀ síra wọn rárá. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Rédíò méjì kan ló là mí lójú, ọ̀rọ̀ wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba orúkọ bàbá mi jẹ́. Òun ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Igbó-Ọrà ní ilẹ̀ Ìbàràpá ni wọ́n bí mi sí. Bí ẹ bá gbọ́ Igbó-Ọrà, ìbejì ni yóò kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn, bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ṣàṣà ni agbolé tí ẹ ó yà sí nílùú wa tí ẹ kò ní bá Táyé àti Kẹ́hìndé níbẹ̀. Ní 2018 ni wọ́n tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọdún ìbejì, tí àwọn ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wòran. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ ní 2017, nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin ní ilé-ẹ̀kọ́ girama.

Iṣẹ́ rédíò títúnṣe ni bàbá mi ń ṣe. Ìsọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí ọjà, kò sì fẹ̀ ju ilé ìdáná lọ. Òkú rédíò ló kún ara ògiri láti òkè délẹ̀. Lórí tábìlì ni ẹ ó ti rí irin tó fi ń yọ́ òjé, mítà, sukudiráfà oríṣiríṣi, àti agolo mílíìkì ńlá mẹ́ta. Agolo kìíní ni ti rẹ̀sísítọ̀, èkejì ni ti kapásítọ̀, ẹ̀kẹta ni ti tiransísítọ̀. Bí rédíò kan bá kú tí olówó rẹ̀ kò sì wá gbé e mọ́, bàbá mi á tú u, á kó ohun tó ṣì dára nínú rẹ̀ sínú agolo. Iṣẹ́ tèmi bí mo bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé ni láti ṣa àwọn ẹ̀yà kékeré wọ̀nyí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. "Àkànní, wá kà á fún mi," ni bàbá mi máa ń sọ, nítorí pé ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, àwọ̀ àti nọ́ńbà ara wọn kò sì tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ.

Fún àǹfààní ẹni tí kò wo inú rédíò rí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ṣókí. Rẹ̀sísítọ̀ ló ń dín agbára iná kù bí iná ti ń gba inú rẹ̀ kọjá. Kapásítọ̀ ló ń gba iná pamọ́ díẹ̀ tó sì tún ń tú u sílẹ̀. Tiransísítọ̀ ló ń sọ ohùn kékeré di ńlá. Kọ́ìlì kò ju wáyà bàbà lọ, tí a ká yíyí bí okùn tí a wé mọ́ ìka.

Nílùú wa, ẹ kò lè ra aṣọ fún Táyé kí ẹ má ra fún Kẹ́hìndé. Àwọn ìyá àgbà méjì kan wà ládùúgbò wa tí a ń pè ní Màmá Táyé àti Màmá Kẹ́hìndé. Kì í ṣe pé wọ́n bí ìbejì o. Àwọn fúnra wọn ni ìbejì. Wọ́n ti lé ní 70 ọdún nígbà náà, ọkọ wọn méjèèjì ti kú, wọ́n sì ti padà sí ilé bàbá wọn, wọ́n jọ ń gbé. Ọmọ Màmá Táyé tó wà ní Èkó ló ra rédíò dúdú méjì fún wọn. Orúkọ kan náà, àwọ̀ kan náà, abẹ́rẹ́ pupa kan náà tó ń rìn láàrin 88 àti 108. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo níwájú ilé, olúkúlùkù á tan tirẹ̀, wọ́n á sì jọ yí i sí Paramount FM ní Abẹ́òkúta, tó wà ní 94.5. Ẹ ó ní kí ló dé tí rédíò kan kò fi tó wọn? Ẹ kò mọ ìbejì nìyẹn.

Ní ọjọ́ kan, ewúrẹ́ kan ń sá fún ọmọdé, ó sì gbá rédíò Màmá Kẹ́hìndé subú. Láti ìgbà náà, rédíò yadi. Màmá gbé e wá sí ìsọ̀ wa. Bàbá mi tú u, ó wò ó títí, ó sì rí kapásítọ̀ pẹlẹbẹ kan tó ti fọ́ sí méjì. Ó ní kí n wá irú rẹ̀ nínú agolo. Mo wá a, mo rí èyí tó ní nọ́ńbà kan náà, ó fi òjé lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ibẹ̀, rédíò sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo rí i tí bàbá mi ṣa nǹkan kan láti ara rédíò náà tó sì sọ ọ́ sínú agolo. N kò bèèrè ohun tó jẹ́. Màmá Kẹ́hìndé san owó, ó súre fún wa, ó lọ.

Kò ju ọjọ́ méjì lọ tó padà dé. Ó ní, "Ọ̀gá Rédíò, rédíò mi kò sí níbi tó wà mọ́." Ohun tó ń sọ ni pé abẹ́rẹ́ ti Táyé wà ní 94.5 níbi tó ti ń wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ní láti sún kọjá 95 kó tó gbọ́ ilé-iṣẹ́ kan náà, ohùn rẹ̀ sì tún tín-ín-rín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lójú ẹlòmíràn, kò ju ìbú orí ìṣáná lọ. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ó ṣáà ń sọ̀rọ̀? Ẹ kàn máa yí i síwájú díẹ̀ ni." Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èmi ni Kẹ́hìndé, èmi ni ẹ̀gbọ́n. Ṣé èmi ló wá yẹ kí n máa wá tèmi kiri?" Ó gbé rédíò rẹ̀, ó sì lọ.

Ẹ mọ ohun tí àwọn ènìyàn wa máa ń sọ nípa ẹni tó ń tún rédíò tàbí ọkọ̀ ṣe. Wọ́n á ní ó ti yọ ojúlówó, ó ti fi ayédèrú dípò rẹ̀. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé e, ọmọ tó ra rédíò náà ti Èkó wá fún ìnáwó kan. Wọ́n rojọ́ fún un, ó sì wá bá wa ní ìsọ̀. Kò wọlé. Ojú títì ló dúró sí tó ń pariwo pé bàbá mi ti yọ ojúlówó inú rédíò arúgbó, pé rédíò méjì náà kò yàtọ̀ nígbà tí òun rà wọ́n, kí ló wá yà wọ́n bí kò bá ṣe olè? Àwọn ará ọjà pé jọ. Bàbá mi gbìyànjú láti dáhùn lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti di asọ̀rọ̀mágbèsì: ó ń sọ, kò gba èsì.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ohun tó wá ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé e ni n kò lè gbàgbé. Nígbà tí ọkùnrin náà ní "olè," ojú mi lọ sí agolo kejì lórí tábìlì. Mo rántí ohun tí mo rí tí bàbá mi sọ sínú rẹ̀. Ọkàn mi sọ pé, bóyá ni. Kò pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, mo sì gbé ojú sókè. Ojú èmi àti ti bàbá mi ṣe mẹ́rin. Ó ti rí mi.

Kò bá mi sọ nǹkan kan ní alẹ́ ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ nǹkan kan ní ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ Ajé, bí mo ti ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, ó ní kí n lọ bẹ àwọn màmá méjèèjì kí wọ́n bá òun gbé rédíò méjèèjì wá. Wọ́n wá. Ó fún wọn ní àga, ó tú rédíò méjèèjì sílẹ̀ lórí tábìlì ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ṣùgbọ́n kò tíì fọwọ́ kàn wọ́n. Mítà ló gbé fún mi. Ó ní kí n ṣa rẹ̀sísítọ̀ 10 jáde tó ní ìlà yẹ́lò, ti àwọ̀ àlùkò, ti pupa, àti ti wúrà ní ìparí. Bí a bá ka àwọ̀ náà, 4700 ni olúkúlùkù wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ lójú mítà.

Mo wọn ti àkọ́kọ́, ó jẹ́ 4650. Mo wọn èkejì, 4710. Ẹ̀kẹta, 4620. Mo wọn gbogbo wọn tán, kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó jẹ́ 4700 géérégé. Mo ní, "Bàbá, gbogbo wọn ló ti bàjẹ́." Bàbá mi ní, "Kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú wọn. Ìlà wúrà tí o rí yẹn, ṣé o rò pé ẹ̀ṣọ́ ni? Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un ni."

Ó wá là á yé wa. Ìlà wúrà ń sọ pé rẹ̀sísítọ̀ náà lè fi 5 nínú 100 dín tàbí kó fi 5 nínú 100 lé. Nítorí náà, ohunkóhun láti 4465 títí dé 4935, ọmọ 4700 ni. Bí ìlà náà bá jẹ́ ti fàdákà, àyè rẹ̀ jẹ́ 10 nínú 100. Àwọn ti ayé àtijọ́ tí kò ní ìlà ìparí rárá, 20 nínú 100 ni tiwọn. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe wọ́n kò lè mú kí gbogbo wọn rí bákan náà láìjẹ́ pé wọ́n náwó rẹpẹtẹ, bí alámọ̀ kò ti lè mọ ìkòkò 100 kí gbogbo wọn gba omi kan náà tán dé orí ẹ̀kán.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni èyí. Mo ti máa ń ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí rẹ̀sísítọ̀ fi máa ń jẹ́ 10, 12, 15, 18, 22, 27, 33, 39, 47, 56, 68 àti 82, tí kò sí 20 tàbí 25 láàrin wọn. Bàbá mi ní kí n ṣírò rẹ̀ fúnra mi pẹ̀lú àyè 10 nínú 100. Mo mú 22: bó bá lé dé òpin, ó di 24.2. Mo mú 27: bó bá dín dé òpin, ó di 24.3. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kan ara wọn! Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe tò tẹ̀lé ara wọn, tí ibi tí àyè ọ̀kan bá parí sí, níbẹ̀ ni ti èkejì ti ń bẹ̀rẹ̀. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí èyí tí wọ́n ṣe jáde tí kò ní rí ilé wọ̀. Mo ní ẹni tó ro èyí kò gọ̀.

Tiransísítọ̀ wá burú ju gbogbo wọn lọ. Bàbá mi fi irú kan hàn mí tí wọ́n ń pè ní BC547. Nínú orúkọ kan ṣoṣo yìí, ọ̀kan lè sọ iná kékeré di ìlọ́po 110, òmíràn lè sọ ọ́ di ìlọ́po 800. Wọ́n máa ń fi lẹ́tà A, B tàbí C pín wọn sí ọ̀wọ́, síbẹ̀ àwọn ará ọ̀wọ́ kan náà kì í dọ́gba. Mo bèèrè pé báwo ni rédíò ṣe wá ń ṣiṣẹ́? Bàbá mi ní ẹni tó ya àwòrán rédíò ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń dá díẹ̀ lára ohun tó jáde lẹ́yìn tiransísítọ̀ padà sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kí èyí tó lágbára jù má baà kọjá àyè rẹ̀, kí èyí tí kò lágbára tó náà lè ṣe iṣẹ́ ilé dọ́gba. Ó ní, "Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ kì í wá ẹ̀yà tó dọ́gba kiri. Ó máa ń ṣe ilé tí àìdọ́gba kò ti ní í pani lára ni."

Àwọn màmá méjèèjì ń wò wá. Màmá Kẹ́hìndé ní, "Ọ̀gá Rédíò, gbogbo èyí dára. Rédíò mi ńkọ́?"

Nígbà náà ni bàbá mi ti ọwọ́ bọ agolo kejì, tó sì mú nǹkan jáde. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ohun tí mo rí tó sọ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà ni: kapásítọ̀ tó fọ́ sí méjì, tí wáyà rẹ̀ kan ṣì so mọ́ ọn. Ó ní kí n ka ohun tó wà lára rẹ̀. Mo so ó pọ̀, mo kà á: 33J. Ó ní kí n wo inú rédíò Màmá Táyé ní ojú ibì kan náà. Mo wò ó: 33J. Ó wá ní kí n wo èyí tí a fi sínú rédíò Màmá Kẹ́hìndé. 33K ni.

Bàbá mi yíjú sí àwọn màmá. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, n kò jalè. Ohun tó fọ́ rèé, kò níye lórí. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ yín kì í ṣe irọ́. Nọ́ńbà wọn jẹ́ kan náà, lẹ́tà wọn yàtọ̀. J ń sọ pé àyè rẹ̀ kò ju 5 nínú 100, K ń sọ pé ó lè tó 10. Mo rí i, mo sì mọ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi nìyẹn, mo sì rò pé ẹ kò ní mọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú."

Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣirò rẹ̀ fún yín bí bàbá mi ti ṣe é fún mi lẹ́yìn náà, kí ẹ lè rí bí nǹkan kékeré ṣe ń di ńlá. Kọ́ìlì àti kapásítọ̀ ni wọ́n jọ ń pinnu ibi tí rédíò yóò ti gbọ́rọ̀. Bí gbogbo kapásítọ̀ tó wà lójú ibẹ̀ lápapọ̀ bá fi 2 nínú 100 tóbi ju bó ti yẹ lọ, ìgbì tí òun àti kọ́ìlì ń dá sílẹ̀ á fi nǹkan bí 1 nínú 100 lọ sílẹ̀. Rédíò FM kì í sì gbọ́ 94.5 bẹ́ẹ̀ tààrà. Inú rẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti ń dá ìgbì tirẹ̀, tó fi 10.7 megahertz ga ju ti ilé-iṣẹ́ lọ, ìyẹn 105.2. Bí 105.2 bá fi 1 nínú 100 dín, ó ti dín ní ohun tó lé ní 1 megahertz. Abẹ́rẹ́ tó yẹ kó dúró sí 94.5 á ní láti sún dé nǹkan bí 95.5 kó tó bá ilé-iṣẹ́ náà pàdé. Ibi tí Màmá Kẹ́hìndé sì bá tirẹ̀ gan-an nìyẹn. Ojú abẹ́rẹ́ tó ń gba ìgbì wọlé láti ìta kò sì bá ti inú lọ́hùn-ún rìn dọ́gba mọ́. Ìdí nìyẹn tí ohùn rẹ̀ fi tín-ín-rín. Màmá kò ka ìwé rí, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti gbọ́ 1 nínú 100.

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fi èèkánná yọ ìda tí ilé-iṣẹ́ fi bo kọ́ìlì. Ó bẹ́ ọparun tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí pé bí irin bá kan kọ́ìlì, ìgbì rẹ̀ á yí padà nígbà tí irin wà níbẹ̀, á sì tún yí nígbà tí a bá mú un kúrò. Ó fi ọparun náà fẹ́ ojú kọ́ìlì díẹ̀díẹ̀, àlàfo kan lẹ́yìn èkejì. Bí kọ́ìlì bá ti ń fẹjú, bẹ́ẹ̀ ni ìgbì ń gòkè. Ní ìsàlẹ̀ ojú ìlà, ó lo ilé-iṣẹ́ OGBC tó wà ní 90.5 láti fi kọ́ìlì tún un ṣe. Ní òkè lọ́hùn-ún, lẹ́yìn 100, ó fi sukudiráfà oníke yí kapásítọ̀ kékeré tó wà fún àtúnṣe. Ó padà sí ìsàlẹ̀, ó tún padà sí òkè, nítorí pé bí a bá tún ẹ̀gbẹ́ kan ṣe, èkejì á yẹ̀ díẹ̀. Ó tó ìgbà mẹ́fà tó lọ tó bọ̀. Nígbà tí abẹ́rẹ́ méjèèjì wá dúró sí 94.5, ó tan àbẹ́là, ó kán ìda rẹ̀ sórí kọ́ìlì kó má baà yẹ̀ mọ́. Mo rántí ìda tí onílù ń fi sójú ìyáàlù bàtá kí ohùn rẹ̀ lè wà níbi tó fẹ́.

A tan rédíò méjèèjì. Ilé-iṣẹ́ kan náà, ojú ibì kan náà. Síbẹ̀, bí ẹ bá tẹ́tí dáadáa, ti Màmá Táyé ṣì fi díẹ̀ ga ju èkejì lọ bí a tilẹ̀ yí ohun tó ń gbóhùn sókè dé ojú kan náà. Bàbá mi ní láti ilé-iṣẹ́ ló ti rí bẹ́ẹ̀, pé ohun tí a fi ń gbóhùn sókè náà ní àyè tirẹ̀, ó sì máa ń tó 20 nínú 100. Ó fẹ́ wá òmíràn sí i. Màmá Kẹ́hìndé ní, "Fi í sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wa ni Táyé ti ń pariwo." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú." Ó ní, "Nítorí kí ni?" Mo ní, "Mo wo agolo." Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àkísà. Ó ní, "Mo rí ọ. Ojú rẹ dùn mí ju ẹnu ọkùnrin yẹn lọ. Ṣùgbọ́n mi ò lè bá ọ wí. Bí mo bá ti sọ ọ̀rọ̀ lẹ́tà yẹn fún màmá lọ́jọ́ kìíní, ìwọ kì bá tí ní ohun tó o máa wò."

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Ọkùnrin náà padà sí Èkó láìwá tọrọ àforíjì. Àwọn màmá gbìyànjú, wọ́n ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé bàbá mi kò jalè. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbọ́ ẹ̀sùn pọ̀ ju àwọn tó gbọ́ àwíjàre lọ. Àwọn oníbàárà kan wà tí a kò rí mọ́ títí di òní. Láti ìgbà náà ni bàbá mi ti ń pe olówó rédíò sí tòsí kó tó ti àpótí pa, tí á fi ohun tó yọ àti ohun tó fi sí i hàn án. Bí lẹ́tà wọn bá yàtọ̀, á sọ.

Ní ìyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ náà ti tún padà wá bá mi. A ń kọ́ nípa èdè-ìperí, iṣẹ́ ńlá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, tí apá kìíní ìwé rẹ̀ jáde ní 1984. Olùkọ́ wa ní kí olúkúlùkù mú ohun kan wá láti inú iṣẹ́ ọwọ́ kan tí kò tíì ní orúkọ Yorùbá, kí ó sì sọ ọ́ lórúkọ. Èmi mú àyè inú ìlà wúrà wá. Mo pè é ní ìfàyègbà. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Ẹnì kan ní kí a pè é ní ìwọ̀n àṣìṣe. Mo kọ̀ ọ́, nítorí pé rẹ̀sísítọ̀ 4650 kò ṣe àṣìṣe kankan. Ẹlòmíràn ní ìyọ̀ǹda. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ẹnì kan ló ń yọ̀ǹda fún ẹnì kejì. Èyí tí à ń wí yìí, ilé tí a kọ́ fún un ló fàyè gbà á. A kò fẹnu kò títí aago fi lù.

Ṣùgbọ́n bí mo ti ń lọ sí yàrá mi ni mo rí i pé èdè wa fúnra rẹ̀ kò lè dúró láìsí ìfàyègbà. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ la ní. Bí ìyá àgbà bá pe "ọkọ̀" tí ọmọdé sì pe "ọkọ̀," ohùn ìsàlẹ̀ ọmọdé lè ga ju ohùn òkè ìyá àgbà lọ. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ṣi ọkọ̀ gbọ́ sí ọkọ́. Etí wa ti fi àyè sílẹ̀ fún olúkúlùkù. Ohun tó ṣe pàtàkì ni àlàfo tó wà láàrin ohùn kan àti èkejì lẹ́nu ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Bí a bá ní dandan kí gbogbo ẹnu dọ́gba kí á tó gbọ́ ara wa, àwa àti ọmọ inú ilé wa kò ní gbédè.

Lóde òní, àwọn rédíò tó ń fi nọ́ńbà hàn lójú ti pọ̀. Òkúta quartz tó ń gbọ̀n nínú wọn ni wọ́n fi ń wọn ìgbì, kì í ṣe kọ́ìlì tí a fi ọparun fẹ̀. Bí ìfàyègbà òkúta náà bá jẹ́ 20 nínú 1,000,000, ohun tó lè fi yẹ̀ lórí 100 megahertz kò ju 0.002 lọ. Rédíò méjì irú èyí á bá 94.5 ní 94.5. Bàbá mi yìn wọ́n, ó ní wọn kì í dá ìjà sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ sì ti dín kù. Ṣùgbọ́n agolo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà lórí tábìlì.

A kì í sọ pé ìbejì kú. Ẹ jẹ́ kí n ní Màmá Táyé rìnrìn-àjò ní 2022. Nígbà tí mo lọ sílé fún ìsinmi lẹ́yìn ìyẹn, mo gba iwájú ilé wọn kọjá ní ìdájí. Màmá Kẹ́hìndé nìkan ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Rédíò méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, méjèèjì ń sọ̀rọ̀, méjèèjì wà ní 94.5. Mo kí i, mo sì bèèrè bóyá kí n gbé wọn lọ fún bàbá mi kó bá a yẹ̀ wọ́n wò, nítorí pé ọ̀kan ṣì ń ké ju èkejì lọ.

Ó gbé ọwọ́ lé èyí tó ń ké náà. Ó ní, "Má fọwọ́ kàn án. Ibẹ̀ ni mo ti ń dá Táyé mọ̀."